Nígbà tí Oyè Yunifásítì Bá Kúrú: Ohun tí Àtúntò Oyè Ń Ṣe sí Iye Àwọn Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ohun tí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ sábà máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá jókòó láti tún oyè yunifásítì tò. Wọn a jíròrò iye ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò, iye owó tí yóò san, orúkọ tí oyè náà yóò máa jẹ́, àti bí ilé ẹ̀kọ́ kan yóò ṣe máa tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fúnni. Ṣùgbọ́n nínú irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò béèrè pé: àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ńkọ́? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀gá tó ń retí wọn?

Ọ̀dọ́ kan náà ni ó dúró ní oríta, ọdún kan náà ni ó sì ní láti ná. Bí a bá sún yunifásítì mọ́ ọn, a ti sún ibi iṣẹ́ jìnnà sí i, bí a kò tilẹ̀ fi ìka kan ibi iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí àtúntò oyè lè yí padà, méjì ni agbára wọn pọ̀ jù lọ lórí iye àwọn tó ń wọ ìkọ́ṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni gígùn àkókò tí oyè náà ń gbà. Èkejì ni bóyá afárá wà láàárín ìkọ́ṣẹ́ àti yunifásítì, kí ẹni tó bá ti inú ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lè bọ́ sí èkejì láìpadà sí ìbẹ̀rẹ̀. A sábà máa ń di ẹ̀bi ru iyì, a ó ní àwọn òbí ló ń fẹ́ oyè nítorí iyì, àmọ́ ohun tí mo rí ni pé iyì máa ń tẹ̀ lé àwọn méjì yìí ju bí ó ṣe ń ṣáájú wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àtúntò tó tóbi jù lọ ní àkókò wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn mínísítà ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Ítálì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Sorbonne ní Paris, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí oyè yunifásítì ní Yúróòpù máa bára mu. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1999, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 29 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Bologna ní Ítálì. Ohun tó wà ní ọkàn àdéhùn náà ni pé kí a pín ẹ̀kọ́ yunifásítì sí ìpele: oyè àkọ́kọ́ tí kò ní dín ní ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà oyè kejì fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ní ilẹ̀ tí oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta ti wà tipẹ́, bí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyípadà náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ní Jámánì àti Ítálì, ó mì gbogbo ilé.

Jámánì ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ìkọ́ṣẹ́ ti fìdí múlẹ̀ gan-an. Òfin tó ń darí ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1969. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ a kọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà a sì máa san owó oṣù fún un. Ọ̀dọ́ náà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ibi iṣẹ́, ó sì máa ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì tó kù ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí pé a lè kọ́ lọ́nà yìí lé ní 300, láti orí iṣẹ́ ṣíṣe búrẹ́dì àti títún ẹ̀rọ ṣe títí dé iṣẹ́ báǹkì àti iṣẹ́ ìbánigbófò. Ìkọ́ṣẹ́ náà máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Kí oyè ọlọ́dún mẹ́ta tó dé, oyè yunifásítì ní Jámánì ni Diplom tàbí Magister. Lórí ìwé, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni ó yẹ kí ẹni gbà á. Ní òtítọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìwé ẹ̀rí kankan ní àárín ọ̀nà fún ẹni tó bá rẹ̀. Ẹ wo ìṣirò tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá lọ kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti ń gba owó láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá lọ sí yunifásítì, kò ní mọ ọjọ́ tí yóò jáde, bí ó bá sì fi í sílẹ̀ ní ọdún kẹrin, òfo ni ó bá lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ìwé ẹ̀rí gírámà tó ga jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Abitur, fi ń yan ìkọ́ṣẹ́ ní ọkàn rere.

Nígbà tí oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta dé, ìṣirò yẹn dàrú. Òfin Jámánì gba irú oyè bẹ́ẹ̀ láyè ní 1998, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2010, ó ti gba ipò Diplom ní ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta fún oyè, ọdún mẹ́ta fún ìkọ́ṣẹ́! Ohun tí ọ̀dọ́ náà ti ń fi àkókò rẹ̀ rà tẹ́lẹ̀ ti di ìdajì owó, ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì yí padà. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan nípa ìkọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó dín owó oṣù ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kù, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ kankan. Ohun tó yí padà ni ohun tí a fi í wé.

Ẹ jẹ́ ká wo iye náà. Ní ọdún 2007, àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ tuntun tí a kọ ní Jámánì jẹ́ nǹkan bí 626,000. Ní 2013, ó ti wá sí nǹkan bí 530,000, ó sì wà ní nǹkan bí 525,000 ní 2019. Ní ọdún àrùn kòrónà, 2020, ó já wá sí nǹkan bí 467,000, èyí sì ní ìdí tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì tó nǹkan bí 356,000 ní 2005, wọ́n sì di nǹkan bí 519,000 ní 2011. Ní nǹkan bí ọdún 2013, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń wọ yunifásítì ti tó àwọn tó ń wọ ìkọ́ṣẹ́, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ ju wọ́n lọ. Julian Nida-Rümelin, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó ti jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àṣà rí, wà lára àwọn tó gbé ohùn sókè ní gbangba ní ọdún yẹn pé orílẹ̀-èdè náà ń ti gbogbo ọmọ rẹ̀ sí yunifásítì ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró níhìn-ín, yóò dà bí ẹni pé a ti rí ọ̀daràn mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ tètè dájọ́, nítorí pé ó kéré tán, ohun mẹ́ta mìíràn ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè yí iye yìí padà láìsí àtúntò oyè rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ fúnra wọn dínkù. Lẹ́yìn tí odi Berlin wó ní 1989, ìbímọ ní apá ìlà-oòrùn Jámánì já wálẹ̀ lọ́nà tí kò wọ́pọ̀ nígbà àlàáfíà: láti nǹkan bí 199,000 ọmọ ní 1989 sí nǹkan bí 79,000 ní 1994. Àwọn ọmọ tí a kò bí ní ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn tí ọ̀gá ń wá kiri tí kò rí ní 2007 sí 2011. Kò sí àtúntò oyè tó lè dá ọmọ tí a kò bí padà síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Jámánì dín ọdún ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó ga jù lọ kù láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Ní ọdún tí àyípadà náà bá kan ìpínlẹ̀ kan, ẹgbẹ́ ọmọ méjì ló máa ń jáde pọ̀. Bavaria àti Niedersachsen ṣe é ní 2011. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba dá ìwọṣẹ́ ológun tó pọn dandan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúró, àwọn tí ì bá wà ní bárékè sì wá jókòó sí iwájú ilẹ̀kùn yunifásítì. Nítorí náà, ẹni tó bá mú iye ọdún 2011 nìkan tó sì sọ pé oyè kúkúrú ló fà á, ó ti fi ẹ̀bi ẹni mẹ́ta lé ẹnì kan lórí. Ẹ tún rántí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan gba nǹkan bí yúrò 500 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ìdajì ọdún kọ̀ọ̀kan láti 2006 tàbí 2007, tí gbogbo wọn sì ti pa á rẹ́ nígbà tí ó fi di 2014.

Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń fi àwòrán ìlà méjì, ọ̀kan tó ń gòkè àti èkejì tó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣe ẹ̀rí tó tó. Kò tó. Ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá kò sọ ẹni tó ti ìlà kan bọ́ sí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti wá dùn mí jù nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé oyè kúkúrú kàn fa àwọn ọmọ tó ní Abitur kúrò nínú ìkọ́ṣẹ́ ni, ó yẹ kí ìpín wọn láàárín àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dínkù. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ní 2009, nínú gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àdéhùn ìkọ́ṣẹ́, nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ìwé ẹ̀rí tó lè mú un wọ yunifásítì. Nígbà tí ó fi di 2018, wọ́n ti súnmọ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ìpín wọn dínkù ni àwọn ọmọ tó jáde láti Hauptschule, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ètò ìpele mẹ́ta ti Jámánì, àwọn gan-an tí ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo fún láti di ènìyàn.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ni pé nígbà tí yunifásítì di ohun tó súnmọ́, àwọn òbí púpọ̀ sí i bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó ga jù lọ kí ilẹ̀kùn náà má bàa tì mọ́ wọn. Àwọn tó ní Abitur di púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ sí yunifásítì. Àwọn kan wá sí ìkọ́ṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà wọ́n. Ọ̀gá tó ti ń gba ọmọ tó jáde ní kíláàsì kẹsàn-án tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ tó jáde ní kíláàsì kejìlá, ó sì gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohun kan tó yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ní 2018 àti ní 2019, àyè ìkọ́ṣẹ́ tó lé ní 50,000 ni kò rí ẹni gbà á ní Jámánì lọ́dọọdún, nígbà tí ọ̀dọ́ tó lé ní 20,000 ń wá àyè ìkọ́ṣẹ́ tí wọn kò rí. Àyè tó ṣófo wà ní ilé ìṣebúrẹ́dì, ní ọ̀dọ̀ alápatà, ní ilé oúnjẹ. Àwọn tó ń wá àyè ń wá iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọ́fíìsì, tàbí kí wọ́n wà ní ìlú tó jìnnà sí ibi tí àyè wà. Nítorí náà, bí a bá béèrè pé àtúntò oyè dín iye ìkọ́ṣẹ́ kù tàbí kò dín in kù, ìbéèrè náà kò jinlẹ̀ tó. Ìbéèrè tó yẹ ni pé ta ni ó rọ́pò ta ni.

Ọjọ́ orí pàápàá ti yí padà. Ní 1993, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní Jámánì máa ń jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún àti ààbọ̀ tí a bá ṣírò gbogbo wọn pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2019, ó ti súnmọ́ ogún ọdún. Lára ohun tó fà á ni àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú yunifásítì wò. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí kì í parí rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń padà wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù ọdún kan tàbí méjì. Mi ò rò pé ìtìjú wà nínú ìyẹn. Ọmọ tó dé ibi iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti mọ ohun tí kò fẹ́ sábà máa ń dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sí àwọn tó wọ yunifásítì, a óò sì tún kọ ọ́ sí àwọn tó wọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó bá ń ka ọdún kan ṣoṣo kò sì ní rí i pé ẹnì kan náà ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò dúró wòran. Láti 1974 ni irú ilé ẹ̀kọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Stuttgart àti Mannheim, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pín àkókò rẹ̀ láàárín kíláàsì àti ilé-iṣẹ́ tó ń san owó fún un. Ní 2009, àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg di yunifásítì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnni ní oyè. Ètò alápá méjì yìí tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 100,000 nígbà tí yóò fi di 2019. Ní ojú mi, ètò náà dára fún ọ̀dọ́ tó bá ráyè wọ inú rẹ̀: ó ń gba owó, ó ń gba oyè, ó sì ń kọ́ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní oyè. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti ń gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún iṣẹ́ báǹkì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ wá fi àyè tó dára jù lọ sínú ètò alápá méjì, ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́ lásán. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún kò lè bá a du, nítorí pé kò ní yunifásítì kankan tó lè bá dòwò pọ̀.

Ítálì kò ní gbà wá pẹ́. Níbẹ̀, oyè tó ti ń gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni a pín sí mẹ́ta àti méjì láti ọdún ẹ̀kọ́ 2001. Àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ rí i pé àwọn tó jáde ní gírámà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yunifásítì sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, iye náà tún rọlẹ̀. Níwọ̀n bí ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ kò ti lágbára níbẹ̀ bí ó ti lágbára ní Jámánì, kò sí ohun púpọ̀ láti fà kúrò. Àwọn tí oyè kúkúrú fà ni àwọn tí kò ní lọ síbìkankan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí a rí i pé owó ní agbára tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí a ti ń rò. Owó ilé ẹ̀kọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní pọ́n-ùn 1,000 lọ́dún ní 1998, ó di 3,000 ní 2006, ó sì di 9,000 gẹ́gẹ́ bí òpin rẹ̀ ní 2012. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ nígbà náà pé àwọn ọmọ yóò sá lọ sí ìkọ́ṣẹ́. Àwọn tó ń wọ yunifásítì láti fi gbogbo àkókò wọn kàwé dínkù díẹ̀ ní 2012, lẹ́yìn náà wọ́n tún gòkè, nítorí pé ìjọba ló ń yá wọn lówó náà, wọn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí owó tó ń wọlé fún wọn yóò fi kọjá iye kan. Ohun tí ọ̀dọ́ kò bá san lónìí, ó máa ń ṣòro kó fi díwọ̀n ohun tó ń yàn lónìí. Àwọn tó ta kìjí gan-an ni àwọn àgbàlagbà tó ti ń fi apá kan àkókò wọn kàwé, tí wọ́n ní ilé àti ọmọ láti gbọ́ bùkátà wọn.

Ní 2015, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìkọ́ṣẹ́ tó ń fúnni ní oyè yunifásítì jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ó gbé owó orí kan dìde fún ìkọ́ṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tí owó oṣù tó ń san bá ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún yóò san ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún (0.5%) ohun tó bá lé, yóò sì lè fi owó náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé iye àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yóò pọ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ tó nǹkan bí 495,000 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2016 sí 2017. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di nǹkan bí 376,000. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lé ní 130,000 ní 2015 sí 2016, ṣùgbọ́n wọn kò tó 80,000 mọ́ ní 2021 sí 2022. Ní àkókò kan náà, àwọn tó ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ ní ìpele oyè yunifásítì ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó lè fi ẹ̀dùn ọkàn mi hàn lórí èyí. Ìkọ́ṣẹ́ kò kú. Orúkọ rẹ̀ wà, owó rẹ̀ wà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ti san owó orí náà fẹ́ gba owó rẹ̀ padà kíákíá, ọ̀nà tó sì yá jù ni láti rán máníjà tó ti ní oyè àkọ́kọ́ lọ gba oyè kejì, dípò kó mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì mọ bí a ti ń di irinṣẹ́ mú. Oyè wọ inú ìkọ́ṣẹ́ lọ, ó sì jókòó sí àyè ọmọdé. Ní ọdún 2025, ìjọba níbẹ̀ kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2026, kìkì àwọn tó wà láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún sí mọ́kànlélógún ni owó náà yóò máa gbọ́ tiwọn ní ìpele tó ga jù lọ, èyí tó bá oyè kejì dọ́gba. Ó hàn pé àwọn pẹ̀lú ti rí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Swítsàlandì, nítorí pé ibẹ̀ náà gba oyè ọlọ́dún mẹ́ta láti Bologna, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ kọ́ṣẹ́. Kí ló fà á? Ní 1994, ìyẹn ọdún márùn-ún ṣáájú Bologna, wọ́n dá ìwé ẹ̀rí kan sílẹ̀ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè gbà nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn tó bá parí. Ní 1995, wọ́n ṣe òfin tó dá yunifásítì ìmọ̀ ìmúṣiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà sì ni ọ̀nà àbáwọlé sí i. Nígbà tí oyè tuntun wọ àwọn yunifásítì wọ̀nyí ní 2005, àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀ jù lọ ni àwọn tó ti kọ́ṣẹ́. Ní nǹkan bí àkókò yẹn kan náà ni wọ́n tún ṣí ìdánwò kan sílẹ̀ tó lè gbé ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ yìí dé yunifásítì gbogboogbò.

Ẹ wo bí ìṣirò ọmọ náà ti yí padà níbẹ̀. Fún ọmọ Jámánì, oyè kúkúrú jẹ́ ohun tó dojú kọ ìkọ́ṣẹ́. Fún ọmọ Swítsàlandì, oyè kúkúrú jẹ́ yàrá kejì nínú ilé tí ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ yàrá àkọ́kọ́ rẹ̀: bí oyè náà bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń wuni tó, nítorí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin níbi iṣẹ́, ọdún mẹ́ta péré ló kù. Àtúntò kan náà ni, ìyọrísí méjì ni. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ohun mìíràn tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó lọ tààrà sí yunifásítì kò fẹ̀ níbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn kan ka èyí sí àìtọ́ sí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò kàwé, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Jámánì náà gbìyànjú láti kọ́ afárá tirẹ̀, àmọ́ ó pẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, àwọn mínísítà ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó ti di ọ̀gá iṣẹ́ lè wọ yunifásítì èyíkéyìí, àti pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọdún méjì tó sì ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè wọ ẹ̀ka tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Síbẹ̀, àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Afárá tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò jọ afárá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé nígbà tí yóò fi dé ibẹ̀, ó ti lè ní ìyàwó tàbí ọkọ, owó ilé sì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà ni ti orúkọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, òfin gba ọ̀gá iṣẹ́ láyè láti jẹ́ Bachelor Professional, kí ẹni tó tún ga jù ú lọ sì máa jẹ́ Master Professional. Àwọn yunifásítì bínú, wọ́n ní yóò da àwọn ènìyàn láàmú. Lójú mi, àwọn méjèèjì ló ṣìnà. Ọ̀gá tó ti fi ogún ọdún mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò kí a yá orúkọ yunifásítì wọ̀ fún un kí a tó mọyì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń wo ohun tí yóò ṣe kò sì ní torí orúkọ tí yóò gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ yan ibi iṣẹ́. Ohun tó pọndandan fún un ni ohun tó ti wà nínú òfin kan náà, tí a kò pariwo rẹ̀ tó: pé fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní 2020, owó tó kéré jù tí a lè san fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ yúrò 515 lóṣù. Owó tó dájú tó ń wọlé ní ìparí oṣù ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ju oyè tó jìnnà lọ.

Bí ìjọba kankan bá wá fẹ́ tún oyè rẹ̀ tò lọ́la, mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí rẹ̀ ní ọ̀gá iṣẹ́ kan nínú, kí ó sì tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó wá bí yóò ṣe máa tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún márùn-ún, dípò kí ó máa ka orúkọ tó wà lórí ìwé yunifásítì àti orúkọ tó wà lórí ìwé ìkọ́ṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó béèrè bóyá ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ àtúntò náà lè rí ilẹ̀kùn yunifásítì láti ibi tó dúró sí, àti ọdún mélòó ló kù kó tó dé ibẹ̀. Kí ó sì ka iye àwọn ọmọ tí ìwé ẹ̀rí wọn kéré jù lọ tí ọ̀gá kan gbà ní ọdún tó ṣáájú àtúntò, kí ó tún ka wọ́n ní ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀.